Ẹ gbà mí níyànjú: ìrìn ọjọ́ kan láàárín àwọn òkè Barolo, ní Ítálì

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àbúrò ọkọ mi ń gbéyàwó ní Torino ní ìparí oṣù kẹwàá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìnáwó, ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́ Ẹtì ló ṣófo fún wa. Ó wù mí kí a fẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn òkè tí wọ́n ti ń gbin àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì Barolo. Àwa mẹ́ta ni: èmi, ọkọ mi àti ọ̀rẹ́ mi Alhaja. Ìrìn wákàtí mẹ́rin kò ni wá lára, Lọ́ńdọ̀nù ti kọ́ wa. Orúnkún ọkọ mi ni kò fẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ tó gùn. Alhaja kì í mutí. Ọ̀nà wo ni kí a gbà?

Akin Firenze
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo Chianti náà, agbègbè wáìnì mìíràn. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Firenze lọ sí Greve, ẹ gun òkè lọ sí Montefioralle, abúlé olókùúta kékeré kan tó yípo bí agbada. Ibẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn ju ibikíbi lọ ní Ítálì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Torino
Akin, Torino ni wọ́n ń lọ o, Firenze jìnnà sí ibẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

Màmá, ẹ kú ìmúra ìnáwó, Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ wá. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé Torino, mi ò sì jẹ́ kí ìgbà ìkórè kan kọjá kí n má rin ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ yìí. Láti abúlé La Morra ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ga (bíi mítà 513), wọ́n á wá sọ̀ kalẹ̀ sí abúlé Barolo, tó wà ní bíi mítà 300. Ẹ̀yin, ẹ yí i padà. Barolo ni kí ẹ ti gbéra.

Orúnkún ọkọ yín ni mo kọ́kọ́ rò. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń fìyà jẹ orúnkún ju ìgòkè lọ. Apá tó ga gan-an, tó gba Cappella del Barolo, ilé àdúrà kékeré kan, kọjá, ẹ fi ara líle àárọ̀ gùn ún. Ẹ jẹun ọ̀sán ní La Morra, kí ẹ sì gba ẹ̀yìn òkè padà, kí ẹ gba abúlé Vergne kọjá. Ọ̀nà yẹn gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti Vergne dé Barolo nìkan ló ti máa dà gẹ̀rẹ́, ibẹ̀ ni kí ọkọ yín ti fa ọ̀pá rẹ̀ yọ. Gbogbo rẹ̀ á tó kìlómítà mẹ́wàá sí méjìlá.

Kùrukùru wá ni ìkejì. Ní àkókò tí ẹ ń bọ̀ yẹn, ó sábà máa ń bo àfonífojì lówùúrọ̀. Orúkọ àjàrà Barolo gan-an, Nebbiolo, ọ̀pọ̀ gbà pé láti inú "nebbia" ló ti wá, ohun tí àwọn ará Ítálì ń pe kùrukùru nìyẹn. Ẹni tó bá dé La Morra ní aago mẹ́jọ lè má rí nǹkan kan ju funfun lọ. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, tí oòrùn ti yọ, á rí ọgbà àjàrà tó tò lọ bí irun tí a di, á rí ilé olódi Serralunga lókè tirẹ̀, bí ojú ọ̀run bá sì mọ́, á rí òkè ńlá Monviso. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mi ò lè kúrò lójú kan.

Ẹ má sáré kọjá Cappella yẹn. Wọ́n kọ́ ọ ní 1914, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà lè rí ibi sá sí bí ìjì bá dé. Wọn ò yà á sí mímọ́ rí. Ní 1999, ayàwòrán méjì kùn ún: Sol LeWitt kun ìta rẹ̀, David Tremlett kun inú. Pupa, àyìnrín, òféèfé, gbogbo rẹ̀ ló dúró láàárín àjàrà.

Adérónkẹ́ B.
Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé ẹrẹ̀. Amọ̀ tó ní ẹfun nínú ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, á lẹ̀ mọ́ bàtà bí iyán ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, bàtà á wúwo, ẹsẹ̀ á máa yọ̀. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gba títì ọlọ́dà. Ẹ wọ aṣọ tó tàn, torí àkókò ọdẹ ni. Èso àjàrà tó bá ṣì wà lórí igi, ẹ má já a, olóko ló ni ín. Bí ẹ bá sì bá àwọn òṣìṣẹ́ pàdé, "buon lavoro" ni kí ẹ kí wọn, "ẹ kú iṣẹ́" tiwọn nìyẹn. Ojú wọn á tàn.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé gan-an. Alhaja ńkọ́? Báwo la sì ṣe máa dé Barolo?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Torino
Ẹ wọ rélùwéè láti Torino dé Alba. Bọ́ọ̀sì láti Alba sí àwọn abúlé kò pọ̀, nítorí náà ẹ bá onítakisí sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àlọ àti àbọ̀.

Ní ti Alhaja, agbègbè nocciola ni ibẹ̀, èso tó wà nínú Nutella. Alba ni ilé iṣẹ́ Ferrero, tó ń ṣe Nutella, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1946. Kí wọ́n ra torta di nocciole, àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi nocciola ṣe, fún un. Tajarin, pásítà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pupa ẹyin púpọ̀ pò, kí ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú bọ́tà. Bí ọbẹ̀ ẹran bá wà lórí rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè, wọ́n máa ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i nígbà mìíràn. Ẹ tètè jókòó jẹun, torí tó bá ti ń di aago méjì ààbọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ti ń ti ilẹ̀kùn. Wáìnì, ẹ fi sí ìparí, ní Enoteca, ilé tí wọ́n ti ń tọ́ wáìnì wò, tó wà ní Barolo, lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti sinmi. Oṣù 38 ni òfin ní kí Barolo fi dàgbà kí wọ́n tó tà á, ó yẹ kí ẹ jókòó tì í.

Ìyá Ìbejì
Ọkọ mi ti ka gbogbo rẹ̀, ó ní Barolo la ó ti gbéra. Mo ti ń wá nọ́ńbà onítakisí ní Alba.