Hotspot fóònù kì í yọ lórí láptọ́ọ̀pù, ó sì ń jẹ dátà kọjá àlà

Alágbèéká22

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Hotspot fóònù Android, ìyẹn Wi-Fi tí fóònù fúnra rẹ̀ ń tàn, ni mo fi ń pín dátà fún láptọ́ọ̀pù Windows 11. Nígbà míì, orúkọ hotspot kì í yọ lórí láptọ́ọ̀pù rárá, bẹ́ẹ̀ fóònù míì ń rí i. Bó bá sì so tán, tí láptọ́ọ̀pù wà nílẹ̀ fúngbà díẹ̀, hotspot á ti pa ara rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé dátà tó ń tó fóònù lò fún odindi ọ̀sẹ̀, láptọ́ọ̀pù ń jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kan, ìwé lásán ni mo sì ń fi tẹ̀. Ṣé okùn USB dára ju Wi-Fi lọ ni?

Atọ́nàWiFi

Ẹ kú ìbéèrè. Orúkọ tí kì í yọ yẹn, ọ̀rọ̀ 2.4 GHz àti 5 GHz ni, ìyẹn ìgbì méjì tí Wi-Fi ń gbà rìn. 5 GHz yára, àmọ́ kì í rìn jìnnà, ògiri sì tètè ń dí i lọ́wọ́. 2.4 GHz kò yára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rìn jìnnà, ẹ̀rọ àtijọ́ pàápàá ń rí i. Bí Wi-Fi inú láptọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ ti 2.4 nìkan, ẹ̀ báà gbé e lé orí fóònù, kò ní rí hotspot tó wà lórí 5. Lórí fóònù, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Network & internet, lẹ́yìn náà Hotspot & tethering, kí ẹ wá tẹ Wi-Fi hotspot. Lórí Samsung, inú Connections ló wà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Band sí, kí ẹ yan 2.4 GHz. Àwọn fóònù kan kò ní Band, Extend compatibility ni tiwọn. Ẹ tàn án. iPhone 12 àtàwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní irú rẹ̀, Maximize Compatibility ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Bí orúkọ bá yọ tí kò sì jẹ́ kí ẹ wọlé, ẹ wo Security. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ kì í mọ WPA3, ọ̀nà ìdáàbòbò Wi-Fi tó jẹ́ tuntun ju WPA2 lọ, nítorí náà WPA2/WPA3 ni kí ẹ fi sí. Ẹ má yan None láé. Ẹni tó bá wà nítòsí ló máa bá yín jẹ dátà yẹn.

Ní ti pípa tó ń pa ara rẹ̀: bí láptọ́ọ̀pù bá ti sùn, ó máa ń já kúrò lórí Wi-Fi. Fóònù á gbà pé kò sẹ́ni tó ń lo hotspot mọ́, á sì pa á kó lè dá bátìrì sí. Ojú ibi kan náà lẹ máa rí Turn off hotspot automatically. Ẹ pa á, ṣùgbọ́n ẹ rántí fọwọ́ ara yín pa hotspot bí ẹ bá ṣe tán.

ÒǹkàDátà

Ọ̀rọ̀ dátà yẹn ló yẹ ká jókòó tì. Kì í ṣe ìwé tí ẹ ń tẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Bí láptọ́ọ̀pù bá rí Wi-Fi, ohun tó máa ń rò ni pé íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í tán ni. Á bẹ̀rẹ̀ sí í fa update Windows, OneDrive, ibi ìpamọ́ fáìlì Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á máa kó fáìlì lọ sókè, Microsoft Store á máa tún àwọn áàpù ṣe, gbogbo rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Àfi kí ẹ sọ fún un pé dátà oníwọ̀n ni.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so mọ́ hotspot, ẹ wọ Settings láptọ́ọ̀pù, Network & internet, Wi-Fi, kí ẹ tẹ properties orúkọ hotspot yẹn, kí ẹ tan Metered connection, ìyẹn dátà oníwọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Windows Update, Advanced options, kí ẹ rí i dájú pé Download updates over metered connections wà ní pípa. Nínú Advanced network settings, Data usage máa fi hàn yín áàpù tó jẹ dátà jù, ẹ sì lè fi òdiwọ̀n síbẹ̀ kó máa kìlọ̀ fún yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ rèé: orúkọ hotspot ni Windows fi ń rántí metered yẹn. Bí ẹ bá yí orúkọ padà, ojú tuntun ló máa fi wò ó, dátà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí ẹ bá sì bọ́ sórí USB, abẹ́ Ethernet ló máa yọ sí, ẹ ní láti tún un tàn níbẹ̀. Lórí Mac, Low Data Mode ni kí ẹ wá.

Fídíò náà ò gbẹ́yìn. Ojú láptọ́ọ̀pù tóbi, nítorí náà fídíò tó wà lórí Auto máa ń mú àwòrán tó dán ju ti fóònù lọ. 1080p lè jẹ 1.5 GB sí 3 GB ní wákàtí kan. Ẹ fọwọ́ yàn 480p tó rẹlẹ̀ jù ú lọ.

WáyàTààrà

Bẹ́ẹ̀ ni, USB dára jù bí ẹ bá jókòó sójú kan. Wi-Fi àwọn ẹlòmíì kò ní dí i lọ́wọ́, fóònù á sì máa gba iná bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ki okùn bọ̀ ọ́, torí USB tethering, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tan pínpín dátà lórí okùn, kì í ṣeé tẹ̀ láìsí okùn, ṣe ló máa rí bàìbàì. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ki okùn bọ̀ ọ́, ẹ yẹ okùn yẹn wò. Okùn USB lásán ní wáyà mẹ́rin nínú: méjì ń gbé iná, méjì ń gbé dátà. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan kò ní méjì ti dátà, iná nìkan ni wọ́n ń gbé. Fún iPhone lórí Windows, ẹ nílò iTunes tàbí Apple Devices, kí ẹ sì tẹ Trust lójú fóònù. Ọ̀pọ̀ Android kò ní bá Mac ṣe é lórí USB.

Ẹ tún lè fi Bluetooth pín dátà. Ó ń dá bátìrì sí, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Lẹ́tà email nìkan ni kí ẹ máa fi kà. Bí fóònù bá gbóná, ẹ bọ́ àpò ara rẹ̀, torí ooru máa ń jẹ́ kó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Alágbèéká22

Ẹ ṣé gan-an. Orúkọ ti ń yọ, mo ti tan metered. Àmọ́ ó ń kọ "No internet" báyìí, lórí Wi-Fi àti USB, bẹ́ẹ̀ fóònù fúnra rẹ̀ ń ṣí ojú ìwé.

Atọ́nàWiFi

Ẹ ṣí Command Prompt lórí láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tẹ *ping 8.8.8.8*. Bó bá dáhùn, DNS, ìyẹn ohun tó ń sọ orúkọ ojú ìwé di nọ́ńbà tí ẹ̀rọ mọ̀, ni wàhálà: nínú properties yẹn kan náà, ẹ wọ DNS server assignment, Edit, Manual, kí ẹ tan IPv4, kí ẹ fi 1.1.1.1 síbẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ọ̀dọ̀ fóònù ni ká padà sí. Bí VPN, áàpù tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ojú ọ̀nà ìkọ̀kọ̀, bá wà lórí fóònù, ẹ pa á ná. VPN orí Android kì í sábà dé ọ̀dọ̀ láptọ́ọ̀pù, ẹ gbé VPN sórí láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ bí ẹ bá nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, nínú ètò fóònù, ẹ wo Access Point Names (APN), ìyẹn ètò tí fóònù fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ tó ta dátà fún yín, kí ẹ ṣí èyí tí ẹ ń lò, kí ẹ wo APN type. Bó bá jẹ́ *default,supl* ni, ẹ sọ ọ́ di *default,supl,dun*, láìfi àyè sáàárín. *dun* yẹn ló dúró fún pínpín dátà. Ẹ fi pamọ́, kí ẹ tan airplane mode, kí ẹ tún pa á. Bí wọn ò bá jẹ́ kí ẹ tún un ṣe, ẹ tẹ àmì + kí ẹ dá tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn nǹkan tó wà nínú ti àkọ́kọ́.

ÒǹkàDátà

Bí gbogbo ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ẹ bi ilé iṣẹ́ tó ta dátà fún yín bóyá ètò tí ẹ rà gba pínpín. Àwọn kan kì í gbà á, àwọn míì ní òdiwọ̀n ọ̀tọ̀ fún un. Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí ìpè bá wọlé nìkan ló ń já, ẹ wá VoLTE, ìyẹn pípe ènìyàn lórí 4G, nínú ètò síìmù kí ẹ tàn án. Láìsí i, fóònù á sọ̀ kalẹ̀ sí 3G tàbí 2G títí ìpè yẹn á fi parí.