Dọkumẹ́ńtárì ìsìn ayé ìsìnyí, kí ló dé tí wọn ò kí ń jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ tán?

Ọmọ Òkè-Àró, Àkúrẹ́:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará. Lánàá mo wo dọkumẹ́ńtárì kan lórí YouTube nípa Àpọ́sítélì Joseph Ayo Babalola, wòlíì ìjọ CAC, inú sì bí mi gan-an. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, tí ẹ̀rọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú títì ní October 1928 nítòsí Ìkejì-Arákeji, tó ní òun gbọ́ ohùn tó pe òun lórúkọ, ìtàn yẹn ti tó fúnra ẹ̀! Ṣùgbọ́n dùùrù ni wọ́n dà bò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá àgbà kan ń ṣàlàyé ohun tí ìyá ẹ̀ sọ fún un nípa bí èrò ṣe wọ́ lọ síbi ìsọjí Babalola l'Ókè Oòyè n'Iléṣà lọ́dún 1930, kò tíì délẹ̀ tí wọ́n fi gé e, wọ́n gbé ẹnì kan tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wàràwàrà wọlé. Tíífì tá a wò ní kékeré ò rí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá gbé maikí síwájú àgbà wọ́n á jókòó tì í títí á fi sọ tán, kódà tó bá wúkọ́ ẹ máa gbọ́ ọ. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì, Oǹdó:
Àbúrò, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n tíífì àtijọ́ náà jẹ wá ní gbèsè. L'Ódòsídà níbí, ilé kan ni gbogbo àdúgbò ti ń wòran, àwa ọmọdé á rọ̀ mọ́ fèrèsé, ẹnì kan á máa yí eríà níta, a ó máa pariwo "ó ti dáa, ó ti dáa!" Gbogbo ohun tá a wò nígbà yẹn dà? Téèpù wọ́n, wọ́n á gba òmíì lé e lórí. Iléeṣẹ́ tíífì WNTV Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 31 October 1959, mélòó lo rí wò níbẹ̀ lónìí? Bàbá tí wọ́n gé yẹn, ó kéré tán a ṣì rí ojú ẹ̀.

Ọmọ Ìkàrẹ́:
Ti Mose Orimolade, tó dá ìjọ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀, ló ń dùn mí. Gbogbo èyí tí mo ti wò, Èkó lọ́dún 1925 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, bíi pé kò sílé kó tó débẹ̀. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni! Ẹ wá bi àwọn ará ilé wa.

Ọmọ Òkè-Àró, Àkúrẹ́:
Ẹ ṣé mà, mi ò ro ti téèpù yẹn rárá. Ìyá ìyá mi wà n'Ìjú, wọ́n mọ orin àwọn alàdúúrà ìgbà náà lórí, mo máa gbé fóònù lọ bá wọn ní Sátidé, mi ò sì ní gé nǹkan kan. Tẹ́nì kan bá ní maikí kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ l'Ákùúrẹ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yá mi.