Àbúrò mi yá owó àjọ, ó sì dá a padà: ṣé ó yẹ kí ó sọ?

Ìyá Onílẹ́ẹ̀sì béèrè:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin ń gba àjọ ojoojúmọ́ ní ọjà kan ní Ìbàdàn. Ọgọ́ta ènìyàn ni ó ń dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ₦500 sì ni oníkálùkù ń san lójúmọ́. Bí oṣù ọlọ́jọ́ 31 bá parí, ẹni tí kò pa ọjọ́ kankan jẹ yóò kó ₦15,000, owó ọjọ́ kan yòókù a sì di ti alájọ. Ẹ ó rí i pé ₦30,000 ni gbogbo èrè rẹ̀ lóṣù, bẹ́ẹ̀ owó tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá sún mọ́ mílíọ̀nù kan.

Ní oṣù tó kọjá, àìsàn kọlu ọmọ rẹ̀ lóru, ó sì fa ₦80,000 yọ nínú owó náà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó rí owó yá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀, ó sì dí àlàfo náà kí oṣù tó parí. Owó ẹnikẹ́ni kò dín ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ó ti ń bi mí bóyá olè ni òun. Mo ní rárá. Ó ní bí kì í bá ṣe olè, kí ló dé tí ẹnu òun kò gbà á láti sọ fún àwọn tó ni owó? N kò rí èsì fọ̀.

Alájọ Àná fèsì:
Mo gba àjọ fún ọdún 11 kí orúnkún tó dá mi jókòó. Kò sí ẹni tó ń jí owó àjọ. Yíyá ni gbogbo wa ń yá a. Ẹni tó kó owó ọjà sá lọ, yíyá ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀, ó sì dá a padà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó di pé kò rí i dá padà mọ́. Ká ní ẹni méje wá kó owó wọn láàárín oṣù nítorí pé ọjà tuntun dé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí ni ì bá fún wọn? Àdúrà pé kí wọ́n má wá ni ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án gbà. N kò pè é ní olè, ṣùgbọ́n ó gbé ewu lé ọgọ́ta ènìyàn lórí láìsọ fún wọn, ìyẹn kò sì sí lára ohun tó dá padà.

Aláta Rodo fèsì:
Kí ó má sọ ọ́ o! Ọjà ni mo wà. Bí ó bá sọ ọ́ fún ẹni kan láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ₦80,000 yóò ti di ₦800,000, gbogbo wa yóò sì ya bò ó láti gba owó wa. Kì í ṣe pé a níkà nínú; owó tí a ó fi ra ata ní ọjọ́ Ajé ni. Òtítọ́ tí mo sọ kí ọkàn tèmi lè fúyẹ́, tí ó wá kó ìpayà bá ọgọ́ta ilé, ta ni mo sọ ọ́ fún gan-an?

Akọ̀wé Ìsọ̀ fèsì:
A máa ń sọ fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé pé orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, ẹni tó gba àjọ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó san. Ìrántí rẹ̀ ni a ń yìn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àkọsílẹ̀, a jẹ́ pé òun nìkan ni ẹlẹ́rìí lórí owó náà, ẹni tó sì rántí ohun gbogbo ni ó mọ ibi tí a ti lè yọ ọ́ tí ojú kò ní tó o. Ìwà rẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ gbára lé. Orí rẹ̀ ni àwa fi ń ṣe àfiwé. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pe èsúsú ní susu títí di òní, kò ní ilé ẹjọ́ tí yóò bá wọn gba owó padà, síbẹ̀ wọ́n dá a. (Mo mọ̀ pé èsúsú yàtọ̀ sí àjọ ojoojúmọ́.) Àwa ní káàdì. Káàdì ń sọ iye tí a san, kì í sọ ibi tí owó sùn mọ́jú. Kí owó náà máa wọ báǹkì ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ ẹlòmíràn sì wà nínú ìwé rẹ̀.

Ìyá Onílẹ́ẹ̀sì padà wá:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àbúrò mi kò pariwo rẹ̀ lọ́jà. Ilé ìyá kan tó ti ń dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ó lọ, ó sì ro gbogbo rẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ìyá náà béèrè àlàáfíà ọmọ, ó sì ní dandan ni kí ó jẹ àmàlà kí ó tó lọ. Lánàá tí oṣù tuntun bẹ̀rẹ̀, nígbà tó dé ìsọ̀ rẹ̀, ìyá ní òun kò tíì tà. Ohun kan náà ni ó sọ lónìí.