Gàrí mi rẹ lábẹ́ ìbòrí tuntun: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pikọ́ọ̀pù, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gàrí ló gbé mi débi tí mo ti ń kọ èyí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ra àpò gàrí méjì, èlùbọ́ kan àti iṣu mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa lójú títì Bissonnet. Mo kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù F-150 mi, mo tẹ́ ìbòrí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú lé e lórí, mo kọrí sí Katy. Ẹ mọ irú ìbòrí tí mò ń sọ: èyí tó ń ká bí ẹní, awọ fínílì lókè, ọ̀pá alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan lábẹ́ rẹ̀ tó gbé e dúró. Òjò ká mi mọ́ orí òpópónà I-10. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí lọ́dún 2017 nígbà ìjì Harvey ò ní í bi mí irú òjò wo ni òjò Houston. Ẹ̀rù ò tilẹ̀ bà mí. Orin ni mò ń kọ nínú ọkọ̀.

Ìgbà tí mo délé tí mo ká ìbòrí, àpò gàrí kan ti wú. Ṣúgà àti ẹ̀pà ló kù. Ti èlùbọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́.

Mo bínú sí ẹni tó tà á fún mi. Mo ti gbé fóònù kí n tó rántí pé mi ò tíì ka ìwé tó wà nínú páálí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ìbòrí náà ń dín omi kù. Wọn ò sọ níbì kankan pé omi ò ní í wọlé.

Ìyàwó mi ló mú ọgbọ́n wá. Ó ní dípò tí mo fi ń wo òkè, ṣé kì í ṣe pé ó yẹ kí ẹnì kan wà nísàlẹ̀ ni? Ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì (mi ò fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn o, kí ẹnikẹ́ni má bú mi). Mo wá fi rọ́bà omi rọ òjò lé e lórí. Àárín ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ó ń kán?" Ó ní rárá. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́. Rárá. Mo dé igun iwájú, lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ó pariwo: "Dádì, ojú mi!"

Ibi mẹ́ta la rí: igun iwájú méjèèjì, àti yíká ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí sílẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀ níbi hínjì. Àlàfo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, ìka mi wọ̀ ọ́. Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn. Ẹrù ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é kó gba omi dúró. Awọ fínílì tí mo ti ń bú látàárọ̀ ńkọ́? Ẹ̀kán omi kan ò gba ara rẹ̀ kọjá.

Ti igun iwájú, ẹ̀bi mi ni. Irin méjì la máa ń fi kíláǹpù há mọ́ etí àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ìbòrí tó jókòó lé wọn. Alẹ́ ni mo ṣe é, èmi nìkan, mo sì ń kánjú. Irin ọ̀tún fi ààbọ̀ ínǹṣì súnmọ́ iwájú ju ti òsì lọ. Tí irin bá ti rí báyẹn, ìbòrí á wọ́, igun kan á gbéra, fóòmù abẹ́ rẹ̀ ò ní í fẹnu kan ọkọ̀. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n láti igun iwájú ọ̀tún dé igun ẹ̀yìn òsì, kí ẹ tún wọn ìkejì rẹ̀, kí ẹ tó fún kíláǹpù pa. Bí iye méjèèjì ò bá bára mu, ẹ tú u, bó tilẹ̀ rẹ̀ yín.

Kí lojú ẹ̀yin náà rí?

Ìyá Ìbejì, Dallas

Ẹ kú àdánù gàrí, ẹ̀gbọ́n. Tèmi ò pọ̀. Ọkọ mi fi sílíkọ́ọ̀nù lẹ iwájú ìbòrí mọ́ ọkọ̀ pátápátá, ó ní kí omi wá sọ ibi tó máa gbà. Omi ò wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tá a fẹ́ kó lọ sílé tuntun, tó di pé kí ìbòrí kúrò kí kọ́bọ́ọ̀dù lè dúró, ọ̀bẹ la fi gé e, ọ̀dà ọkọ̀ sì bá a lọ. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ kí ọkọ mi dákẹ́, ibi iwájú ọkọ̀ yẹn ni mo kàn máa ń wò.

Èyí témi fúnra mi ṣe rèé: ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ ọ̀rá ẹ́ńjìnnì ni mo fi nu awọ náà. Ó dán fún ọ̀sẹ̀ kan. Oòrùn Texas wá bá a, ó gan bíi pọ̀nmọ́ tí wọn ò tíì rẹ. Omi àti ọṣẹ abọ́ ti tó o. Ohun tẹ́ ẹ bá máa fi pa á lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rí i pé fínílì ni wọ́n ṣe é fún, kó má sì ní epo rọ̀bì nínú. Ẹ má sì gbé e gba ibi ìfọkọ̀ tó ní búrọ́ọ̀ṣì ńlá tó ń yí.

Ará Òkè-Ògùn, Chicago

Òjò lẹ ń sọ, ẹ ò tíì rí yìnyín. Oṣù Kejìlá ni mo ra tèmi, torí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Dígírì 5 ni fóònù mi kọ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi í sí ọkọ̀, ti Fahrenheit o. Mo tú u sílẹ̀, ó le gbagidi bíi pákó. Mo fà á fà á, kò dé ibi tó yẹ kó ti há lẹ́yìn. Ó ku bí ínǹṣì kan àti díẹ̀. Mo fi orúnkún tì í, mo fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Aládùúgbò mi, bàbá òyìnbó kan, dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́, ó ń wò mí bí ẹni ń wo tíátà. Nígbà tí ìran náà sú u, ó ní kí n gbé e wọlé kó lọ yáná.

Mo ká a, mo gbé e sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, mo gbé e jáde kíákíá, ó há wẹ́rẹ́, bí ẹni pé a ò jà rí.

Àṣìṣe mi ni pé bí mo ṣe fún un lọ́jọ́ náà ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, awọ náà ti dẹ̀, àárín rẹ̀ tẹ̀ wọnú, omi òjò dúró síbẹ̀ bí adágún. Ẹyẹ ń wẹ̀ lórí ọkọ̀ mi. Ẹ wo abẹ́ tiyín dáadáa: ọ̀pọ̀ wọn ní sukúrúù kan tá a fi ń fún un tàbí tá a fi ń dẹ̀ ẹ́. Ooru dé, ẹ fún un díẹ̀. Kí òtútù tó wọlé, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Etí tèmi kì í ṣe oníkọ́kọ́rọ́. Èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra bí eèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ni. Yìnyín wọ inú irun rẹ̀, ó dì, kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni mo fi ń gbọ̀n ọ́n láràárọ̀ nígbà òtútù. Ní ti rọ́bà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, èyí tá a fi ń dí àlàfo ilẹ̀kùn, ẹ má lẹ̀ ẹ́ nígbà tí ojú ọjọ́ ò bá tó dígírì 50 ti Fahrenheit. Mo lẹ tèmi lálẹ́, ó ti ṣí nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́. Yìnyín tó bá kún orí rẹ̀, ìgbálẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbá a. Ṣọ́bìrì ni mo fi kọ́kọ́ kó tèmi, ojú àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọlọ́sìn Adìẹ, Ìbàdàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ayé yín ni. Ẹ ń ra tiyín nínú páálí. Iye tí wọ́n dá lé èyí tó bá Hilux mi mu, mo rò pé wọ́n máa fi ọkọ̀ mìíràn kún un fún mi ni. Mo gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rán àga mọ́tò lọ. Ẹ̀yìn Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ò ju nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ lọ. A ra tapólín tó nípọn, ọ̀gá rán an, ó ní ti òyìnbó ò lè dáa tó o.

Òjò àkọ́kọ́, oúnjẹ adìẹ àpò mẹ́rin, ó rẹ. Omi ò gba etí o. Ojú ìrán ló gbà. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti kọjá, ihò ni, àárín gan-an níbi tí omi ń dúró sí lọ̀gá sì ti so aṣọ méjì pọ̀. Mo gbé e padà. Ó kọ́kọ́ ní òjò ni kì í ṣe dáadáa lọ́dún yìí.

A tú u. Odindi aṣọ kan ló lò lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ìrán láàárín mọ́. Etí nìkan ló rán, ó ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ojú ìrán sísàlẹ̀, ó sì fi gọ́ọ̀mù pa ojú òwú. Mo ní kí wẹ́dà gé páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta fún mi, kó tẹ̀ wọ́n díẹ̀ bí ọrun, kí omi lè máa ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo lọ sí Gate, mo ra rọ́bà ilẹ̀kùn mọ́tò tòkunbọ̀, mo lẹ̀ ẹ́ yí i ká.

Torí omi ni mo ṣe ṣe é, àfi bí ọyẹ́ ṣe dé tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ eruku gan-an ni mo yanjú. Bí pikọ́ọ̀pù bá ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ń yí lẹ́yìn rẹ̀ a máa fa eruku wọlé gba àlàfo ilẹ̀kùn. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá kó ẹyin funfun nílé, pupa ló máa ń dé Ìsẹ́yìn.

Kòfẹ́ràn-Òjò, Atlanta

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bíi tèmi o. Mo dí gbogbo ihò kékeré tó wà nílẹ̀ àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo rò pé ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Mo ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ Mọ́ńdè pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ẹ ro ìyókù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ará Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ òjò tí kò ṣe dáadáa yẹn pa mí lẹ́rìn-ín débi pé mo ka á sétí ìyàwó mi.

Mo ti tún tèmi ṣe. Mo tú irin méjèèjì, mo wọ̀n wọ́n lójú oòrùn, ọmọ mi di orí tépù mú. Mo fi sípíríìtì nu gbogbo ibi tí rọ́bà máa lẹ̀ mọ́, torí òróró tí wọ́n fi ń mú ọkọ̀ dán kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú. Rọ́bà bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni mo rà fún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ìsàlẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, omi ò kàn án fún wákàtí 24. Ilẹ̀kùn náà ti le báyìí, ìbàdí ni mo fi ń tì í pa. Mo gé fóòmù kékeré sí igun iwájú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo padà lọ wo kíláǹpù, méjì ti dẹ̀ nínú wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, òjò ńlá rọ̀. Mo ti tẹ́ ìwé ìròyìn kálẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ dè é. Ibi tó rẹ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, lẹ́bàá hínjì òsì.

Mo tún lọ sí Bissonnet lánàá. Iṣu wà lẹ́yìn. Gàrí jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì de bẹ́líìtì mọ́ ọn.