Kẹ̀kẹ́ arọ mẹ́fà la pín, méjì péré ni wọ́n ń lò: kí ni kí ẹgbẹ́ wa ṣe?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Àwa mẹ́sàn-án la kóra jọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn láti máa ran àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra lọ́wọ́ ní àdúgbò wa. A kò ní ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni kò sì gba owó oṣù. Ohun tí oníkálukú bá rí dá la fi ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, a ra kẹ̀kẹ́ arọ mẹ́fà, a sì pín in níbi ayẹyẹ kan tí inú gbogbo èèyàn dùn sí. Nígbà tí mo lọ kí àwọn tó gbà á lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, méjì péré ni mo bá tí wọ́n ṣì ń lò ó. Ọ̀kan nínú àwọn yòókù ti di ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Arábìnrin tó ni ín fi sùúrù sọ fún mi pé òun mọ rírì ẹ̀bùn náà, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù fún òun, kò sì gba ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ òun kọjá. Ojú tì mí. Àwọn kan nínú wa ní ká ra èyí tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn ní ká kúkú máa fún wọn lówó. Kí lẹ ti rí tó ṣiṣẹ́?

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ̀kẹ́ náà lè má burú. Ẹ kò wọn ẹni tí yóò jókòó sínú rẹ̀ ni. Ta ni ń rán aṣọ fún ẹni tí kò wọ̀n? Ó yẹ kí ẹ mọ bí ìdí ẹni náà ṣe fẹ̀ tó, bí itan rẹ̀ ṣe gùn tó àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ga tó láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ tó náwó. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí èyí ní ọdún 2008 fún àwọn ibi tí owó kò pọ̀ sí, wọ́n sì ka wíwọ̀n, kíkọ́ ẹni náà bí yóò ṣe lò ó, àti bíbẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà mọ́ iṣẹ́ pínpín kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọ̀rọ̀ egbò. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti fara pa kì í sábà mọ̀ ọ́n lára bí ibi tó fi jókòó bá ń ro ó. Bí kò bá sí tìmùtìmù tó yẹ lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé ibi tí eegun ti tẹ ẹran ara mọ́ àga, àwọ̀ ibẹ̀ á kọ́kọ́ yí padà, lẹ́yìn náà yóò di egbò tó lè jinlẹ̀ dé eegun. Èèyàn lè ti ibẹ̀ kú. Tìmùtìmù kì í sì í sábà bá ẹ̀bùn wá, bóyá nítorí pé kì í hàn nínú fọ́tò. (Ẹ má bínú, ojú mi ti rí i jù ni.)

Láti Kékeré

Láti kékeré ni mo ti wà lórí kẹ̀kẹ́, nítorí náà ẹ fara da ọ̀rọ̀ mi bó bá le. Nínú ẹ̀yin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, mélòó ni aláàbọ̀ ara? Ní ọdún 1972, ní ìlú Berkeley ní Kalifóníà, Ed Roberts, ẹni tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sọ di ẹni tó ń sùn nínú ẹ̀rọ tó ń bá a mí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibùdó kan sílẹ̀ tí àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn ń darí. Wọ́n ń bá èèyàn wá ilé tó ṣeé gbé àti olùrànlọ́wọ́ tó ṣeé fọkàn tán, wọ́n sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Àwọn tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ló pinnu ìyẹn. Ká ní ẹ bi arábìnrin yẹn ni, bóyá ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ ni ì bá ní kí ẹ bá òun fẹ̀ sí i. Ẹ pè é sí ìpàdé yín, kì í ṣe kó wá dúpẹ́, kó wá dìbò ni. Kẹ́ ẹ tó pè é, ẹ wo àtẹ̀gùn ibẹ̀ ná.

Akápò

Ní ti owó, ẹ ṣọ́ra fún ìlérí. Ẹgbẹ́ wa lérí nígbà kan pé a ó máa sanwó fún ẹnì kan tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan. Kò pé oṣù méjì tí àpò wa fi gbẹ, ẹbí rẹ̀ sì ti gbọ́kàn lé wa. Ní báyìí, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ la ń san, a sì ń yan ẹnì kan tí yóò jókòó ti aláìsàn títí wọn yóò fi parí. Ó kéré, àmọ́ a kò tíì já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ lórí rẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Kò sí aláàbọ̀ ara kankan nínú wa. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló sì wà níbi ìpàdé wa. Mo kà á lánàá. Mo ti bẹ arábìnrin náà pé ká wá ṣe ìpàdé tó ń bọ̀ ní iwájú ilé rẹ̀. Ó ní òun yóò rò ó wò.