Fáànù balùwẹ̀: ṣé ínǹṣì 4 tó?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Balùwẹ̀ wa fẹ̀ ní mítà 2 sí 1.5, ó ga ní 2.7. Ògiri máa ń làágùn, èébu dúdú ti bo igun àjà. Ṣé fáànù ínǹṣì 4 tó? Ṣé mo lè tú ẹnu rẹ̀ sínú àjà, kí n má baà lu ògiri?

Bíríkìlà: Ó tó, mà. 2 × 1.5 × 2.7 jẹ́ 8.1 kúbíìkì mítà (m³). Tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá pààrọ̀ nígbà 10 ní wákàtí kan, 81 nìyẹn. Ẹ wo ara páálí fáànù: kí iye afẹ́fẹ́ tó ń fà má dín sí 81 m³/h (kúbíìkì mítà ní wákàtí kan).

Inú àjà kẹ̀? Ooru á domi lábẹ́ páànù, á máa kán padà, pákó òrùlé á jẹrà. Ẹ lu ògiri, kó jìnnà sí ilẹ̀kùn. Páìpù PVC ínǹṣì 4 táwọn púlọ́ńbà ń lò ni kẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́. Kí ẹnu rẹ̀ tó wà níta rẹlẹ̀ díẹ̀, kí òjò má baà ṣàn wá bá mọ́tò.

Wáyámàn: Wáyà 1.5 mm², fíúsì 3A. Ẹ pa mẹ́ìnì, ẹ pa inverter náà. Òun lọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Kẹ́ ẹ sì fi tẹ́sítà wò ó kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì: Wíńdò ẹ̀gbẹ́ fáànù ńkọ́, kí n ṣí i?

Bíríkìlà: Rárá, mà. Afẹ́fẹ́ ojú wíńdò ni á máa fà, ooru á dúró síbẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ gé, sẹ̀ǹtímítà kan, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé.