Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká ta ilẹ̀ ká fi ṣe IVF tó ní àyẹ̀wò jíìnì?

Alélùbọ́: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Mi ò sùn láti àná, bí ọ̀rọ̀ mi bá ta kókó, ẹ bá mi tú u. Oyún kẹta tún wálẹ̀ lára mi ṣáájú àwẹ̀ tó kọjá. Ìyá ọkọ mi wá láti Ọ̀fà, ó ní, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Nígbà tó dalẹ́, mo gbọ́ ọ lórí fóònù tó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé, “Agbè tó ń jò, ìgbà wo ni yóò kún?” Látọjọ́ náà, bí mo bá ro àmàlà, á ní inú ń run òun, búrẹ́dì lòun máa jẹ. Èmi tí mò ń ta èlùbọ́! Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá sọ ti IVF: wọ́n á po ẹyin obìnrin mọ́ àtọ̀ ọkùnrin níta, wọ́n á yẹ jíìnì ọlẹ̀, ìyẹn ohun àjogúnbá inú rẹ̀, wò, èyí tó bá pé ni wọ́n á gbé sínú. Ibi tí a lọ ní mílíọ̀nù 4, owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀. Ọkọ mi fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀ tó wà lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Ìyá rẹ̀ ní kàkà kó tà á, kó fẹ́ ìyàwó lé mi. Kí ni ká ṣe?

Ìyá Ridwan: Háà, pẹ̀lẹ́. Tèmi mẹ́rin ni kí Ridwan tó dé. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àbúrò mi ni ọ̀kan wálẹ̀, abọ́ ẹran ṣì wà lọ́wọ́ mi. Má dá ìyá ọkọ lóhùn. Tèmi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún 2, òun náà ló wá ń pọn Ridwan kiri àdúgbò.

Ọmọ Àfáà Òkèlélé: Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ hàǹtúù fún yín, ẹ mu ún fún ọjọ́ 7. Mílíọ̀nù 4 ké!

Ìyá Àníkẹ́ Tánkẹ̀: Àfáà, ẹ jọ̀ọ́. Èmi mu hàǹtúù, mo tún ṣe IVF, ọ̀kan ò lé ọ̀kan jáde. AS lèmi, AS lọkọ mi. Oyún kọ̀ọ̀kan tí a bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kó jẹ́ SS. A ti sin ọmọ kan, ìdí tí a fi ṣe àyẹ̀wò nìyẹn. Tí ọlẹ̀ bá pé ọjọ́ 5 tàbí 6 níta ni wọ́n máa ń mú sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á wá gbé e sí yìnyín títí èsì á fi dé. Nínú 6 tèmi, 2 péré ló ṣeé gbé wọlé. Ọ̀kan ò sì dúró o, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Jínótáìpù yín ńkọ́?

Ọmọ Àfáà Òkèlélé: Ṣé mo ní kí wọ́n má lọ ọsibítù ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Oṣù mélòó ni oyún kọ̀ọ̀kan kó tó wálẹ̀?

Alélùbọ́: AA ni mí, ọkọ mi AS. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo mílíọ̀nù 4, ilẹ̀ ọkọ mi ni, kì í ṣe tiyín. Ẹ má sì rò pé mi ò gbàdúrà.

Bọ̀dá Ọ̀fà: Ẹ tà á tán, kó má bọ́ sí i ńkọ́? Ẹ gba ọmọ tọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo bèèrè nìyí, ọmọ mi. Oyún tó bá wálẹ̀ kó tó pé oṣù 3, bí ìdajì wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kromosóòmù ọlẹ̀, ìyẹn okùn tó gbé jíìnì dání, ni kò pé tàbí tó lé. Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò tí o ń wí ti lè wúlò. Èyí tó bá jìnnà kọjá bẹ́ẹ̀, ibòmíràn la máa kọ́kọ́ wò. Oṣù mélòó?

Alélùbọ́: Ẹ má bínú, mà. Kì í wù mí sọ ni. Àkọ́kọ́ pé oṣù 5. Èkejì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, oṣù 4 ààbọ̀. Inú ò run mí rárá. Ní ti èkejì, mò ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà ní ọjà Mandate, mo ti da kóńgò méjì, mo gbé ìkẹta sókè, omi kàn ya wàà sí mi lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo kà á.

Ìyá Ridwan: Yéè! Tèmi ò ju oṣù 2, 2 lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ǹjẹ́ wọ́n ti fọ inú rẹ rí kí o tó lọ́kọ?

Alélùbọ́: Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ṣì wà nílé ìwé nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wàásù fún mi.

Ọmọ Àfáà Òkèlélé: A ò wàásù. Ọlọ́run á fojú àánú wò ó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Sọ ọ́ fún dókítà bí o ṣe sọ ọ́ fún wa yìí. Ohun tí o ròyìn jọ ti ọrùn ilé-ọmọ tí kò lágbára, tó ń ṣí kí àsìkò tó tó. Bí wọ́n bá gbé ọlẹ̀ tí jíìnì rẹ̀ pé pérépéré síbẹ̀, ibi tí àwọn mẹ́ta gbà lòun náà lè gbà. Bí dókítà bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń fi okùn rán an ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14, wọ́n á tú u ní ọ̀sẹ̀ 36 sí 37. Ìyẹn ò gba ilẹ̀ títà. Lọ rí wọn ní UITH, ọsibítù yunifásítì Ìlọrin, kó ìwé ìwòsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání.

Ọmọge Ọ̀mù-Àrán: Ẹ ṣe IVF náà jàre, ayé ti lajú!

Ìyá Àníkẹ́ Tánkẹ̀: Àǹtí, ẹ ka òkè ná.

Alélùbọ́: Mo ti kó àwọn káàdì náà sínú báàgì, ọjọ́ Ajé la ń lọ. Ọkọ mi ti ní kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ṣì ní sùúrù. Ó bi mí pé kí ni dókítà máa bi wá. Mo ní mi ò mọ̀.